Yìnyín Lẹ́yìn Etí Ọkọ Mi

Etí ni ọkọ mi fi ń bó ìrẹsì. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ọwọ́ ló fi ń ṣe é, torí ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń wà lórí irin tí wọ́n fi ń ṣí ẹnu ẹ̀rọ tàbí tí wọ́n fi ń pa á dé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í sí níbẹ̀ rárá. Ojú á wà lójú ọ̀nà, á máa kí àwọn tó ń kọjá, etí á wà nínú ẹ̀rọ. Bí èèpo bá ti bọ́ tán, ìrẹsì á yí ohùn padà. Bí ìrẹsì bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, á tún yí ohùn padà. Bí òkúta bá bá a wọlé, bó ti wù kó kéré tó, ọkọ mi á ti gbọ́ ọ kó tó dé ìsàlẹ̀, á pa ẹnu ẹ̀rọ dé, á ní, "Ìyá mi, òkúta wà nínú èyí o. Ẹ lọ fẹ́ ẹ wá." Mo ti dúró tì í láìmọye ìgbà, mo sì ti na etí títí ọrùn fi dùn mí. Ariwo lásán ni mò ń gbọ́.

Òtútù ni iṣẹ́ tèmi. Ẹja dídì ni mò ń tà ní Ayétòrò, àti tọ́kì, àti itan adìẹ. Fírísà mẹ́ta ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Bí wọ́n bá gbé páálí ẹja dé, mi kì í wo ojú ẹja, ọwọ́ ni mo máa ń kì bọ̀ ọ́ níkùn. Ẹja tí òtútù kò bá dé inú rẹ̀, bó ti wù kí ẹ̀yìn rẹ̀ le tó, kò ní pẹ́ bàjẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló kó mi sí wàhálà tí mo fẹ́ sọ yìí.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbé ayé wa, òun nínú ariwo lẹ́yìn ìlú, èmi nínú òtútù láàárín ìlú, títí wọ́n fi ti ẹnubodè. Obìnrin tó ń kó tọ́kì fún mi láti Ìfọ́nyìntẹ̀dó pè mí lórí fóònù. Faransé máa ń já wọ ẹnu rẹ̀ bó bá ń sọ̀rọ̀, torí òdìkejì ẹnubodè ló gbé dàgbà. Ó ní, "Ìyá mi, sé finí. Nǹkan kan ò kọjá mọ́." Mo rò pé ọ̀sẹ̀ kan ni. Nígbà tó di oṣù kejì, mo ta ẹja tó kù, mo fọ àwọn fírísà mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣe yìnyín fún àwọn tó ń ta omi tútù àti sóbò. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́ja di Ìyá Oníyìnyín. Kí n má purọ́, inú bí mi. Ẹni tó bá kí mi pé ẹ kú ọjà nígbà náà, mo máa ń bi í pé ọjà wo.

Ohun tó ti ọjà tèmi ló ṣí ti ọkọ mi. Ìrẹsì òkèèrè kò wọlé mọ́, àwọn tó sì ti ń yínmú sí ìrẹsì ilé wa láti ọjọ́ tó pẹ́ wá ń gbé e wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ní àpò-àpò. Láti Ẹ̀gùá, láti Ìlárá, láti Ajílété pàápàá, wọ́n ń bọ̀. Kí oòrùn tó yọ, èrò ti jókòó síwájú ilé ẹ̀rọ. Láti ìdí ìrun àárọ̀ ló máa ti tan ẹ́ńjìnnì, kò sì ní pa á títí wọ́n á fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Ilé ẹ̀rọ náà kéré, páànù ni wọ́n fi bò ó lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, ariwo kò sì rí ibì kan gbà jáde àfi etí ọkọ mi.

Èmi ni mo kọ́kọ́ fura. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ohùn rédíò sókè títí ará ilé kejì fi bi mí bóyá a ní àlejò. Ó ń sọ pé nǹkan kan ń hó nínú etí òun bí ìgbà tí omi bá wà lórí iná. Bí mo bá bá a sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, kò ní dáhùn. Bí mo bá lọ síwájú rẹ̀, á ní, "Kí ló dé tí ẹ̀yin obìnrin ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú ilé yìí?" Obìnrin kan ṣoṣo ló wà nínú ilé, èmi náà ni, ẹnikẹ́ni kò sì fi ẹ̀sùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kàn mí rí.

Mo máa sọ ohun tí n kò sọ fún àwọn ọmọ wa. Mo kọ́kọ́ gbádùn rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé ọkùnrin yìí ni mo ti ń kó àwọn ọ̀rọ̀ kan mì, ọ̀rọ̀ bàtà tó máa ń bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọ̀rọ̀ iyọ̀ ọbẹ̀ mi tó ń yẹ̀ wò lójú àlejò. Ní báyìí, mo lè dúró sẹ́yìn rẹ̀ kí n sọ gbogbo rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́, kó sì máa ka ìwé ìròyìn rẹ̀ lọ. Iwájú rẹ̀, mò ń sọ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀yìn rẹ̀, mò ń sọ pé ìwọ ọkùnrin yìí, ìwọ olórí kunkun. Ara mi fúyẹ́ nígbà náà.

Ṣùgbọ́n obìnrin kan wá láti Ajílété. Kò jà, kò pariwo. Ó kàn dé síwájú ọkọ mi, ó na ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi òkúta wẹ́wẹ́ méjì lé e lọ́wọ́. Ó ní inú àwo kan ṣoṣo ni òun ti rí méjèèjì, eyín àna òun ló rí èkejì. Lẹ́yìn náà ó kí i, ó sì gbé àpò ìrẹsì rẹ̀ tuntun kalẹ̀ fún bíbó, torí ó fẹ́ràn rẹ̀. Ì bá sàn kó bú u. Ọkọ mi jókòó sórí àpò, ó ń wo òkúta méjì yẹn. Ó pẹ́ tó ń wò wọ́n. Ó wá sọ fún mi pé, "Mi ò gbọ́ wọn, Ìyá wọn. Wọ́n gba iwájú mi kọjá, mi ò gbọ́ wọn."

Láti ọjọ́ náà ni gbígbádùn mi ti tán. Ẹ̀rù bà mí. Ọkùnrin mìíràn lè di adití kó sì máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n etí yẹn ni ọkọ mi. Bó bá lọ, ẹ̀rọ á wà níbẹ̀, irin á wà níbẹ̀, ọkọ mi á wá di ẹni tó kàn ń da ìrẹsì sínú ihò. N kò fẹ́ rí i bẹ́ẹ̀.

Abẹ́òkúta la lọ, sọ́dọ̀ dókítà etí kan, ọmọbìnrin kan tó lè jẹ́ àbíkẹ́yìn mi. Ó tan iná sí i létí, ó sì yọ ohun kan jáde níbẹ̀ tí ojú fi tì mí, eruku èèpo ìrẹsì tó ti bá ìdọ̀tí etí lẹ̀ pọ̀, ó dúdú, ó le. Ó mú ọkọ mi wọ inú yàrá kékeré kan, ó fi nǹkan sí i létí, ó ní kó máa tẹ bọ́tìnnì bó bá ti gbọ́ ìró. Mò ń wò ó láti ojú gíláàsì. Ìgbà mìíràn á tẹ ẹ́, ìgbà mìíràn ó kàn ń wo iwájú, ó ń dúró de ohun tó ti kọjá. Mo gbé ojú kúrò níbẹ̀.

Dókítà ya nǹkan sórí ìwé fún wa. Ó ní nínú lọ́hùn-ún, jìnnà sí ibi tí ọwọ́ lè dé, ohun kan wà tó ká bí ìkarahun ìgbín, irun wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí ló wà nínú rẹ̀, àwọn ló sì ń gba ohùn. Ariwo ẹ̀rọ ti lù wọ́n dùbúlẹ̀. Ó ní àwọn kan lè dìde bí wọ́n bá rí ìsinmi. Àwọn tó bá ti kú kò ní dìde. Ó ní kí Bàbá máa fi ìbòtí bo etí rẹ̀ bó bá wà nídìí ẹ̀rọ, irú èyí tí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé igi ńlá máa ń dé, kó sì máa pa ẹ̀rọ kó sinmi lọ́sàn-án lójoojúmọ́.

Mo bi í bóyá kò sí oògùn. Ó ní àwọn onímọ̀ kan ní òkè òkun ń yẹ nǹkan kan wò, pé bí a bá mú etí inú tutù díẹ̀, ó ṣeé ṣe kó dáàbò bò ó. Ó ní ohun tó fara pa, bí ó bá tutù, kì í béèrè oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ púpọ̀, kì í tètè wú, kì í sì í tètè kú. Mo ní, "Bí ẹja ni." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹja tiyín ti kú tẹ́lẹ̀, Màmá. Ti Bàbá ṣì wà láàyè." Ó tún sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ó ní wọ́n ṣì ń dán an wò lára ẹranko àti níbi iṣẹ́ abẹ ni, pé irinṣẹ́ kékeré kan ni wọ́n ń lò, pé kò tíì di ohun tí wọ́n ń ṣe fún gbogbo ènìyàn, pé kì í ṣe ohun tí à ń ṣe nílé. Mo mọ̀ pé ó sọ gbogbo rẹ̀ torí ọkọ mi tí etí rẹ̀ di ló rán mi létí rẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí ó ń sọ ọ́, ọkàn mi ti dé Ayétòrò, nínú fírísà mẹ́ta tó kún fún yìnyín.

Ẹ wò mí bí mo ṣe jókòó sínú ọkọ̀ nígbà tí a ń bọ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo rò ó pé Ọlọ́run kò dédé jẹ́ kí wọ́n ti ẹnubodè. Ó fẹ́ kí fírísà mi ṣófo fún iṣẹ́ yìí ni.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ṣe é, lẹ́yìn tó ti mọ́ṣáláṣí dé tó sì ti jẹ mọ́ínmọ́ín. Mo tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ní kó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹni tó ń ta ẹja mọ̀ pé yìnyín tí a kó lé orí ẹja kò ṣiṣẹ́ kan, inú ni òtútù gbọ́dọ̀ dé. Nítorí náà mo gbé ife omi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dì láti inú fírísà, mo mú ṣíbí, mo sì ń rọ ọ́ sí i létí. Ṣíbí kìíní, ó fò. Ṣíbí kejì, ó ní ó tutù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó tutù. Mo rọ ọ́ títí etí fi kún.

Ọkọ mi la ojú rẹ̀ méjèèjì. Ẹyinjú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ sí apá kan, wọ́n ń já padà, wọ́n tún ń sá lọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹní mú. Ó ní, "Ìyá wọn, di ilé mú." Mo ní, "Ilé wo?" Ó ní, "Ilé wa. Ó ń lọ." Mo di òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú. Títí di òní, n kò lè sọ ohun tó jẹ́ kí n di òpó yẹn mú, ṣùgbọ́n mo dì í mú gírígírí, mo ń pe orúkọ Ọlọ́run, ọkọ mi sì ń bì mọ́ínmọ́ín sórí ẹní tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Mo pe dókítà. Ó bi mí pé kí ni mo dà sí i. Mo ní omi ni. Ó ní omi wo. Mo ní omi fírísà. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kó jókòó, kó wo ojú kan. Kò ní pẹ́ lọ." Ó ṣàlàyé fún mi pé ohun tó ń jẹ́ kí ènìyàn lè dúró lórí ẹsẹ̀ méjì láìṣubú, ilé kan náà ni òun àti ìgbọ́ràn jọ ń gbé nínú etí. Bí omi tútù bá kan ọ̀kan, èkejì á rò pé ayé ń yí. Ó ní, "Mo sọ fún yín pé kì í ṣe ohun tí à ń ṣe nílé." Mo ní mo gbọ́. Ó ní kí n ṣe ìlérí pé mi ò ní da ohunkóhun sí ọkọ mi létí mọ́ láyé. Mo ṣe é. Mo wá bi í pé bí mo bá kàn fi aṣọ wé yìnyín, tí mo gbé e lé ẹ̀yìn etí, níta ńkọ́? Ó mí kanlẹ̀. Ó ní bí aṣọ bá nípọn tí kò bá sì pẹ́ jù, kò ní pa á lára, ṣùgbọ́n òun kò lè sọ pé òtútù yẹn á dé inú lọ́hùn-ún. Ó ní ẹ̀rọ tí a bá pa ni oògùn, kí n lọ jẹ́ kó pa ẹ̀rọ.

Ibi tí iṣẹ́ wà nìyẹn. Ìbòtí, ó dé e. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ wa ọkọ̀ òfurufú, àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín fún ọjọ́ méjì, ó tán. Ṣùgbọ́n pípa ẹ̀rọ, kò lè ṣe é. Bó bá ti na ọwọ́ sí i báyìí, obìnrin kan á ní, "Bàbá Onírẹsì, tèmi yìí nìkan, ọkọ̀ ń dúró dè mí." Ọkọ mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá fún ènìyàn, bó bá mọ̀ ọ́n ni, à bá ti máa gbé nínú ilé tó tóbi ju èyí lọ. Nígbà tí mo lọ bá a lọ́sàn-án pé kó sinmi, gbogbo wọn ló bínú sí mi. Wọ́n ní èmi tí mò ń ta yìnyín kò mọ̀ pé ebi ń pa ènìyàn.

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé kúlà yìnyín dání. Mi ò sọ pé kó sinmi. Mo fi táwẹ̀lì wé yìnyín, mo ní, "Bàbá, àkókò ìtọ́jú ti tó o." Obìnrin tí ọkọ̀ ń dúró dè fúnra rẹ̀ ló sọ pé, "Ha, ìtọ́jú ni. Bàbá, ẹ tètè pa ẹ̀rọ." Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyẹn. Àwọn ènìyàn wa kò lè fara mọ́ kí ènìyàn jókòó lásán, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n á bá a jókòó. Láti ọjọ́ náà, ní ọ̀sán gangan, ẹ́ńjìnnì á dákẹ́, ọkọ mi á yọ ìbòtí, á jókòó sórí àpò, èmi á jókòó sẹ́yìn rẹ̀, màá sì gbé yìnyín lé ẹ̀yìn etí rẹ̀ ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì.

Ìṣòro kan ló kù, àwọn aṣọ́bodè. Wọ́n ti gbé igi dí ọ̀nà láàárín ìlú àti ilé ẹ̀rọ, wọ́n ń wá ìrẹsì àti tọ́kì, èmi yìí sì ni obìnrin tí gbogbo ayé mọ̀ sí ẹlẹ́tọ́kì, mo jókòó lẹ́yìn ọ̀kadà, mo gbé kúlà lé ẹsẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn dá wa dúró. Ó ní, "Kí ló wà nínú kúlà yẹn, Màmá?" Mo ní yìnyín. Ó ní, "Kí ló wà lábẹ́ yìnyín?" Mo ní yìnyín. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ń tú u, ó ń tú u títí ọwọ́ rẹ̀ fi kú tipiri. Ó ní, "Ibo lẹ ń gbé e lọ?" Mo ní, "Ẹ̀yìn etí ọkọ mi." Ó wò mí. Ó pe ọ̀gá rẹ̀ kó wá gbọ́ ohun tí ìyá yìí ń sọ. Ọ̀gá wá, mo tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo fi ìkarahun ìgbín kún un, àti irun wẹ́wẹ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, bí wọ́n bá ti rí wa lókèèrè ni wọ́n á ti gbé igi kúrò, wọ́n á ní, "Báwo ni etí?" Ọ̀gá yẹn máa ń gba ẹ̀kúnwọ́ yìnyín kan sínú omi rẹ̀, mo sì gbà pé owó ibodè mi ni.

Ọ̀sán yẹn wá di ohun tí gbogbo èrò ń dúró dè. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti dákẹ́, a ó kọ́kọ́ jókòó bí ẹni tí wọ́n gbé nǹkan kúrò lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó gbọ́ àwọn ẹyẹ ẹ̀gà lórí ọ̀pẹ lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin tó ti ń jókòó ti ara wọn láti oṣù mẹ́ta láìgbọ́ ohùn ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ilé ara wọn. Ẹnìkan ń sun àgbàdo, ẹnìkan ń pín ẹ̀pà. Àwọn méjì tilẹ̀ rí i pé ìyá àwọn jọ jẹ́ ọmọ agboolé kan náà ní Ìláròó, wọ́n sì ń pe ara wọn ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò láti ọjọ́ náà.

Èmi ní tèmi, mò ń sọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn ọkọ mi. Ó ti mọ́ mi lára. Ojú rẹ̀ wà lójú ọ̀nà bí ó ṣe máa ń ṣe, etí rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo sì mọ̀ pé bí mo bá rọ ohùn mi sílẹ̀, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Mo kọ́kọ́ bú u. Mo bú u fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, mo bú u débi tí èébú tán lẹ́nu mi. Nígbà tí wọ́n tán, àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tó wà lábẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Mo sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà mí. Mo sọ pé bí etí yìí kò bá là mọ́, èmi ni màá máa jókòó tì í, màá kọ́ ohùn ìrẹsì, màá sì máa fọwọ́ kàn án léjìká bí òkúta bá ń kọjá. Mo sọ pé ọjọ́ tó wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi, tí òjò pa á tí àgbádá rẹ̀ ń kán omi sílẹ̀, mo yọjú wò ó láti ẹ̀yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà, mo sì ti gbà á kó tó ṣí ẹnu. Mo sọ pé ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ṣì dára. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó dára.

Ní ọjọ́ kan tí ọ̀yẹ́ mú, mo sọ nípa ọmọ wa àkọ́kọ́. Ọmọ náà kò dúró. Ọjọ́ mẹ́jọ tí a ó sọ ọ́ lórúkọ kò pé. A kò jọ sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí, n kò mọ ìdí rẹ̀, bóyá torí pé ẹni kọ̀ọ̀kan wa ń dáàbò bo ẹnì kejì ni. Mo sọ fún ẹ̀yìn rẹ̀ pé bí mo bá ń ka àwọn ọmọ wa lọ́kàn, mo ṣì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ èyí yẹn. Mo nu omi yìnyín tó ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀, mo ká táwẹ̀lì, ó dìde, ó sì lọ tan ẹ́ńjìnnì.

Ó yẹ kí n ti fura nígbà yẹn. Obìnrin Ajílété wá lẹ́ẹ̀mejì, kò sí òkúta lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tún kó òkúta wá. Èmi ò rò ó rárá, mo kàn ń gbé kúlà mi lọ, mo ń gbé e bọ̀.

Ọ̀sán kan ni, a jókòó, ẹ̀gà ń pariwo, mo gbé yìnyín sí ẹ̀yìn etí òsì. Mo rọ ohùn mi sílẹ̀ bí ó ṣe máa ń rí, mo ní, "Ọkùnrin yìí ń darúgbó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ṣì dára."

Ọkọ mi kò yí ojú kúrò lójú ọ̀nà. Ó ní, "O sọ ìyẹn lánàá."

Yìnyín bọ́ lọ́wọ́ mi, ó gba ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ wọlé. Ó fò dìde, ó ń gbọn aṣọ, ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo èrò sì ń béèrè kí ló ṣẹlẹ̀, kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní, "Láti ìgbà wo?" Ó ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ sì ń jẹ́ kí n máa gbé yìnyín la àárín aṣọ́bodè kọjá." Inú bí mi gan-an, ojú tì mí, mo sì ń sunkún ayọ̀ láìmọ̀. Etí rẹ̀ ti là. Ọkọ mi ti padà dé. Mo fẹ́ gbá a létí, mo rántí pé etí ni.

Ó tún jókòó sórí àpò rẹ̀. Ó fà mí lọ́wọ́ kí n jókòó. Ó ní, "Bí mo bá sọ fún ọ, ṣé wàá tún máa wí?" Ó dúró títí àwọn èrò fi padà sídìí ẹ̀pà wọn. Lẹ́yìn náà, ó rọ ohùn tirẹ̀ náà sílẹ̀, ó ní, "Èmi náà, bí mo bá ń ka àwọn ọmọ wa, ọ̀dọ̀ èyí yẹn ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀."

Nígbà tí a padà lọ sí Abẹ́òkúta, dókítà tún mú un wọ yàrá kékeré, bọ́tìnnì ń dún lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní púpọ̀ ti padà. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ìró fóònù kò ní tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èyí kò sì dun ọkọ mi rárá. Mo bi í bóyá yìnyín ni. Ó ní ìsinmi ni, ìbòtí ni, ìdọ̀tí tó yọ ni. Ó ní òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òtútù mi dé inú lọ́hùn-ún. Mo wo ọkọ mi, ọkọ mi wo mí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n ti ṣí ẹnubodè báyìí. Ẹja ti padà sínú fírísà mi, mo sì tún ti ń jẹ́ Ìyá Ẹlẹ́ja, ṣùgbọ́n igun kan wà nínú fírísà kẹta tí n kì í kó ẹja sí. Ní ọ̀sán gangan, màá bu yìnyín inú rẹ̀ sínú kúlà, màá jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà. Bí ọkọ mi bá ti gbọ́ ohùn ọ̀kadà yẹn lókèèrè, á pa ẹ́ńjìnnì, á yọ ìbòtí, á sì kọ ẹ̀yìn sí mi.